Bàbá Onítìmùtìmù àti Ẹgbẹ́ Agunkẹ̀kẹ́

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ tọkọtaya kan. Ìyàwó dúró lápá ọ̀tún nínú aṣọ funfun, ọkọ dúró lápá òsì pẹ̀lú táì lọ́rùn, bàbá àgbàlagbà kan sì jókòó sáàárín wọn lórí ìrọ̀gbọ̀kú tí wọ́n fi àrán pupa bò. Bàbá náà dé akoto, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fọmọ fọ́kọ. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, ẹ óò rí i pé àga náà ní táyà méjì.

Bàbá yìí kò bá ọkọ tan, kò bá ìyàwó tan. Búrékì rẹ̀ ló já. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ìrọ̀gbọ̀kú mọ́ orí kẹ̀kẹ́, ó ní ìjókòó tí wọ́n ń ṣe sórí kẹ̀kẹ́ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan nígbà tí atẹ́gùn gbá ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú. Ó fa búrékì, wáyà já sí i lọ́wọ́. Bí ó ṣe ré àwọn yòókù kọjá nìyẹn, tó ń pariwo pé, "Ẹ yà o! Ẹ yà fún àga o!" Níwájú gbọ̀ngàn tó wà nísàlẹ̀ òkè, àwọn àlejò ìgbéyàwó yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Táyà iwájú lọ há sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, gbọnrangandan láàárín ọkọ àti ìyàwó.

Ayàwòrán tí ojú rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn rí àgbàlagbà kan lórí àga. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ gbórí sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín." Bàbá Onítìmùtìmù kì í da iṣẹ́ mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́. Ó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí ọkọ rò pé ẹbí ìyàwó ni, àwọn ẹbí ìyàwó rò pé ẹbí ọkọ ni, ó sì jẹun yó kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Lẹ́bàá títì, níbi tí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ dúró sí, ẹ̀rín ti pa gbogbo wọn. Apoògùn, obìnrin kan tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ ikùn, di ejìká ẹni tó sún mọ́ ọn mú kó má baà ṣubú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Irú bàbá wo lèyí? Mo káàánú ọmọ tó ní irú èyí ní bàbá o!"

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ni ọmọ náà.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Onítìmùtìmù lè rò pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò ì tí ì débì kan. Iṣẹ́ àga ni bàbá yìí ń ṣe. Bí tìmùtìmù àga yín bá ti rì wọlẹ̀, òun ni yóò tú u, tí yóò yọ fóòmù àtijọ́, tí yóò ki tuntun, tí yóò sì fi aṣọ tuntun kàn án. Ìṣó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìṣó yìí kò sì dí i lọ́wọ́ ọ̀rọ̀: ó lè fi ìdajì ẹnu di ìṣó mú, kó fi ìdajì yòókù sọ fún yín pé kò sí ìṣòro kan láyé tí kì í ṣe láti inú ìjókòó ló ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá rọgbọ, ṣé ẹ rí i, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ lọ wo gbogbo àwọn tó ń jà, ẹ wo ohun tí wọ́n jókòó lé."

Nọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́. Ẹgbẹ́ náà ń múra ìrìn-àjò ńlá kan tí wọ́n máa ń gun dé etí òkun lọ́dọọdún. Ẹni tó bá gùn ún parí, ẹnu rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ láàárín ìlú. Oníṣègùn wà nínú wọn, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, apoògùn wà níbẹ̀. Olórí wọn ni Kóòṣì, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń fi fèrè bá ènìyàn wí. Aṣọ wọn bára mu, kẹ̀kẹ́ wọn ń dán. Inú Nọ́ọ̀sì dùn láti wà láàárín wọn. Ó ń jáde ní wọ́ọ̀dù, ó ń lọ gun kẹ̀kẹ́, ó ń padà sí ilé tó háyà lódìkejì ìlú, ó ń sùn. Kò sí àyè fún nǹkan mìíràn.

Àfi bí ó ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó rí bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan tí ṣéènì rẹ̀ ń ké bí adìẹ tó fẹ́ yé. Nígbà yẹn, bàbá kò tí ì dé orí ọ̀rọ̀ ìrọ̀gbọ̀kú. Sòkòtò ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé sòkòtò àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní tìmùtìmù pẹlẹbẹ nídìí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ó ki fóòmù àga sí tirẹ̀, ojúlówó, èyí tó nípọn bí ìrọ̀rí, ó sì fi abẹ́rẹ́ rán an yí ká. Nígbà tó bá rìn, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró, á ro ó wò, kó tó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Wọn ò sọ ohun tí a óò ṣe bí ó bá jẹ́ bàbá ẹni ló ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Apoògùn rọra bi í. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ojú ti Nọ́ọ̀sì débi pé etí rẹ̀ ń hó. Gbogbo ẹgbẹ́ ń wò. Oníṣègùn tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti yíjú sẹ́yìn kó lè rẹ́rìn-ín tirẹ̀ níkọ̀kọ̀. Kó tó mọ ohun tó ń sọ, ó ti sọ ọ́: "Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n o. Bóyá mo ti rí wọn ládùúgbò rí."

Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, tó ń so okùn bàtà. Ó so ó tán, ó dìde, ìdí rẹ̀ náà dìde tẹ̀ lé e. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. Nọ́ọ̀sì ń retí kí ilẹ̀ là kó gbé òun mì.

Bàbá tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, Nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn láti mọ̀ yín."

Ẹ̀ẹ̀kan náà tí bàbá rẹ̀ lo "ẹ" fún un yìí wọ̀ ọ́ lára ju igbe lọ. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ kanlẹ̀ láìgba àṣẹ, ó yáa fi ọwọ́ kan táyà bí ẹni pé ó ń yẹ atẹ́gùn rẹ̀ wò. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Fóòmù mu omi yó, ó wú, gbogbo ìgbà tí bàbá bá sì wa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, á tú u jáde fìn-ín sẹ́yìn. Kóòṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń nu ojú, ó ń wo sánmà. "Òjò ti dá! Níbo ni èyí ti ń wá?" Nígbà tó mọ ibi tó ti ń wá, ó fọn fèrè títí ohùn fi há a.

Ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kí ó tó wọ iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìdọ̀tí fóòmù. Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ ohun tó bá mi."

Bàbá yọ ìṣó lẹ́nu, ohun tí kì í ṣe fún ọba. "Dìde, aṣọ iṣẹ́ rẹ funfun. Kí lo ṣe? Mo padà délé, mo wo ara mi nínú dígí. Ká ní wọ́n bi èmi náà léèrè, ǹ bá ní mi ò mọ̀ ọ́n."

"Màá lọ sọ fún wọn lónìí."

"Kí o sọ kí ni? Pé o purọ́? Ọ̀gá rẹ wà níbẹ̀." Ó dá ìṣó padà sẹ́nu. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ojú kò bá tì ọ́ mọ́, wàá sọ ọ́. Èmi ò kánjú."

Ìdáríjì tí bàbá fún un yìí, ọmọ náà ì bá fara mọ́ ìbáwí jù ú lọ. Nítorí pé Bàbá Onítìmùtìmù kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan níwọ̀n. Bí ó ti ní òun kò mọ Nọ́ọ̀sì, ó ṣe é dójú ìwọ̀n, ó sì gbé e kọjá rẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti jókòó mu omi, á yíjú sí i. "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ṣé bàbá yín ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà, sà."

"Á! Bàbá yẹn kú oríire o. Ẹni tó bí irú yín, ó yẹ kó máa sùn lórí tìmùtìmù. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Omi á há Nọ́ọ̀sì lọ́fun. Apoògùn á máa gbá a lẹ́yìn. "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá. Kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé rẹ̀."

"Ó ga o," bàbá á mi orí pẹ̀lú àánú. "Bóyá bàbá náà burú ni."

Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Nọ́ọ̀sì á kúrò nílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, á sì gbé e padà sílé. Ìtìjú bí ìtìjú. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá rẹ̀ ló ń tì í lójú. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ló ń tì í lójú, àwọn méjèèjì wá di ẹrù kan tí kò mọ ibi tí òun yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Àwọn ará ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn bàbá, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọ̀hún ní ẹ̀fẹ̀ nínú, etí Nọ́ọ̀sì sì ni Apoògùn ń da gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà sí. "Ṣé ẹ rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀? Ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé!" Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín. Òun ló ra èyí pupa fún un.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sòkòtò ni ìrọ̀gbọ̀kú dé, lẹ́yìn ìrọ̀gbọ̀kú ni fọ́tò ìgbéyàwó. Kóòṣì fọn fèrè lé àga náà lórí, ó ní kí òun má tún rí i mọ́. Bàbá dúnàádúrà bí ẹni ra ilẹ̀. Kóòṣì ní kí gbogbo rẹ̀ kúrò, bàbá ní kí apá àga nìkan kúrò. Kóòṣì ní kí ẹ̀yìn àga kúrò, bàbá ní kí àrán kúrò, kí ẹ̀yìn dúró. "Kóòṣì, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin náà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń fojú ro. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan fún yín." Níkẹyìn, apá lọ, àrán lọ, ẹ̀yìn àga dúró. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjókòó kẹ̀kẹ́ Kóòṣì ti ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fèrè rẹ̀ sì ti dínkù. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ọjọ́ ìrìn-àjò pé. Wọ́n gbéra láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láti oríṣiríṣi ìlú, títì kún fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì wà níwájú pẹ̀lú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá. Ó ti múra fún ọjọ́ yìí, ara rẹ̀ yá gágá, ó sì rí i pé ó ṣeé ṣe kí òun wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ dé. Bàbá wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń sọ ìtàn fún àwọn tí kò lè sá fún un.

Níbi ìsinmi tí wọ́n ti ń pín omi, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ dúró de ara wọn, àwọn alábòójútó dá bàbá dúró. Nọ́ọ̀sì ti mu omi tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí kẹ̀kẹ́, nígbà tó gbọ́ ariwo.

"Bàbá, kí lèyí tó wà lẹ́yìn yín?"

"Ẹ̀yìn àga ni. Ẹ̀yin kì í fẹ̀yìn ti nǹkan ni?"

"Ẹ ti dàgbà jù láti dá gun kẹ̀kẹ́ lórí títì yìí. Òfin wa ni pé ẹni tó bá tó yín lọ́jọ́ orí, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ máa gùn pẹ̀lú rẹ̀. Ta ló bá yín wá?"

Nọ́ọ̀sì rí i bí bàbá rẹ̀ ṣe gbójú sókè. Bàbá rí i. Ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó rí oníṣègùn àti àwọn yòókù tí wọ́n ń dúró dè é níwájú. Ó sì yí ojú kúrò lára rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ni ó rọra pa dé.

"Èmi nìkan ni mo dá wá," ni ó wí. "Mi ò ní ẹnìkan níbí."

"Ó dáa, ẹ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Kò bá wọn dúnàádúrà. Ọkùnrin tó bá Kóòṣì jà nítorí ẹ̀yìn àga, ọkùnrin tó ní ìdáhùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, ó kàn di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń tì í lọ síbi ọkọ̀ náà. Láti ẹ̀yìn, Nọ́ọ̀sì rí i pé ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ìgbà wo ni ọrùn yẹn tín-ín-rín tó báyìí? Nọ́ọ̀sì ni òun, ọrùn àwọn arúgbó lòun ń wò lójoojúmọ́, òun ò sì wo ti bàbá òun.

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. "Ẹ dúró! Bàbá mi ni!"

Kóòṣì yọ fèrè lẹ́nu. Apoògùn la ẹnu sílẹ̀, omi tó ń mu sì ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ lọ.

"Bàbá mi ni," Nọ́ọ̀sì tún un sọ. Ojú ń tì í débi pé kò lè gbórí sókè, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ sórí títì gbígbóná níṣojú ọ̀gá rẹ̀ àti gbogbo ayé. "Bàbá tó bí mi lọ́mọ ni. Èmi ni mo máa bá wọn gùn ún."

Alábòójútó yíjú sí bàbá. "Ṣé òótọ́ ni, bàbá?"

Bàbá Onítìmùtìmù wo obìnrin tó kúnlẹ̀ náà láti òkè délẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn o," ni ó wí. "Oòrùn ló ń pa á. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ìdààmú bá àwọn alábòójútó. Kóòṣì ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó wá, ó wo imú bàbá, ó wo imú ọmọ, imú ńláńlá méjèèjì tó tẹ̀ síhà kan náà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ," ni ó wí. "Ẹ ò rí i pé ara pákó kan náà ni wọ́n ti là wọ́n?" Ẹ̀rín bú. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Apoògùn sún mọ́ Nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Gbogbo ohun tí mo sọ nípa bàbá yín, etí yín ni mo ń sọ ọ́ sí! Kí ló dé tí ẹ ò gbá mi lẹ́nu?"

"Mo bá yín rẹ́rìn-ín," Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Tèmi ló burú jù."

Àwọn méjèèjì ló gbẹ̀yìn. Gbogbo igi tó bá ní òjìji, bàbá á ní kí àwọn dúró kí i. Nígbà tí wọ́n fi dé etí òkun, wọ́n ti pín àmì-ẹ̀yẹ tán, àwọn òṣìṣẹ́ ń tú àgọ́, wọ́n ń kó àga jọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó mú ọ̀kan nínú àwọn àga náà, ó jókòó lé e, ó sì dìde kíá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ nípa gbogbo ìrìn-àjò náà: "Àwọn tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n fi èyí jẹ níyà? Ọpẹ́lọpẹ́ pé a pẹ́."

Bàbá kò tún gùn ún mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ikú rẹ̀ kò ní ariwo nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kan àga oníbàárà kan tán, ó jókòó lé e láti dán an wò, kò sì dìde mọ́. Obìnrin tó ni àga náà wọlé, ó rí i bí ó ṣe rọra fẹ̀yìn tì, ó sì jókòó dè é kó jí. Ó ní ojú rẹ̀ dùn débi pé òun ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àga kan lásán dí i lọ́wọ́ oorun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wá kí ìyá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n kún inú pálọ̀, wọ́n ń sọ ìtàn sòkòtò, wọ́n ń sọ ìtàn fọ́tò, opó náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Kóòṣì ní, "Ìyá, ó dájú pé láti kékeré ni wọ́n ti fẹ́ràn kẹ̀kẹ́."

"Ta? Bàbá yìí?" Ìyá wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì. "Kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Ó kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́! Ìdí a máa dùn ún títí ọjọ́ mẹ́ta, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó o. Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹnìkan fi dandan lé e ni?' Ó ní ọmọ òun kò ráyè wá sílé mọ́. Ó ní bí ọmọ ẹni ò bá ráyè, ẹni tó bí i ló yẹ kó lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń gbà."

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Apoògùn wá jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Nígbà tí àwọn àlejò dìde láti lọ, oníṣègùn fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ hàn án. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká gbé yín délé. Ọ̀nà yín jìn."

"Rárá, ẹ máa lọ," ni ó wí. "Ilé ni mo wà yìí." Ó kó àwọn ife tí wọ́n fi mu omi jọ, ó gbé wọn lọ sí kíṣìnnì, ó sì ké pe ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ń kó wọn sí.